Gbá Ni àbí Gbà?

Rárá o, Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ẹ má sì sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀. Mo ti fara balẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìyá wa wọ ọsibítù, mo fara balẹ̀ títí wọ́n fi gbé e jáde, ìfarabalẹ̀ yẹn náà ló fún wọn láyè tí wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe yìí. Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì yẹn. Ẹ jókòó sórí àpótí yẹn, ó lè gbé yín, òun náà ni Màámi máa ń jókòó lé tó bá ń bó àlùbọ́sà. Ẹ má rò pé ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú. Ọ̀fọ̀ ni gbogbo wa ń ṣe. Ikú mú ẹ̀mí ìyá wa, mo gba kámú, ó dàgbà, àìsàn sì ti pẹ́ lára rẹ̀. Ohun tí ikú ò rí mú lọ ni àbúrò rẹ̀ fẹ́ kó báyìí, èmi ò sì ní í fún un.

Ẹ ti gbọ́ ohùn Àǹtí Kékeré lórí fóònù, àbí? Ta ni ò tíì gbọ́ ọ? Ohùn tó fi ń sunkún tó tún fi ń dúpẹ́, tó ní kí gbogbo ẹbí àti ará ìjọ bá òun yọ̀, pé ẹ̀gbọ́n òun tó ti fi ìjọ sílẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan, tó ti ṣoríkunkun, tí kò gbọ́ tàgbà tí kò gbọ́ tọmọdé, ó ti ronú pìwà dà lórí ibùsùn ikú, ó ti gba Olúwa kó tó mí èémí ìkẹyìn, pé etí òun báyìí lòun fi gbọ́ ọ tó ní, “Mo ti gbà á.” Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta wa dá mi dúró, ó kí mi kú oríire. Kú oríire, Bọ̀ọ̀dá mi. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, mi ò tíì bọ́ aṣọ tí mo wọ̀ lọ sí ọsibítù, ẹnì kan sì ń kí mi kú oríire.

Wọ́n sì ní ẹ̀yin lẹ máa tún un sọ lọ́la níwájú gbogbo èèyàn lẹ́bàá sàréè, torí pé ẹ̀yin ni àkọ́bí. Ẹ ní Àǹtí ti bá yín sọ ọ́. Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi fà yín wọ kíṣìnnì nìyẹn.

Èmi wà níbẹ̀. Wọn ò ròyìn ẹ̀ fún mi. Apá òsì ibùsùn ni mo jókòó sí, mo ń fi òwú tútù nu ètè rẹ̀ torí pé omi ò lọ mọ́ lọ́nà ọ̀fun. Àǹtí Kékeré wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó máa fẹsẹ̀ kan yàrá yẹn, ẹni tó jẹ́ pé tó bá yọjú lójú fèrèsé ilé rẹ̀, á rí òrùlé ọsibítù. Kò bi mí pé báwo lara ẹ̀. Kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti tutù. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé ibi tí nọ́ọ̀sì ń kó oògùn sí, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹnu ti ìyá wa létí, ó wá ń pariwo, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti gba Olúwa? Ẹ dá mi lóhùn, ṣé ẹ ti gbà á?” Nínú gbogbo àìsàn tó ṣe ìyá wa, kò sí ti etí níbẹ̀ o. Ètè rẹ̀ mì, ọ̀rọ̀ kan jáde bí èémí lásán. Ni Àǹtí bá fò sókè, ó bú sẹ́kún, ó fa fóònù yọ. Ìyá wa ò tíì kú, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ó ṣì ń mí nígbà tí àbúrò rẹ̀ kẹ̀yìn sí i, tó dojú kọ fèrèsé, tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi gbọ́. “Mo ti gbá a,” lèmi gbọ́. Gbá, bíi ká gbálẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín, òun náà ì bá rẹ́rìn-ín.

Ṣé ẹ ti gbàgbé iṣẹ́ tó fi tọ́ wa ni? Gbogbo yàrá ilé ìwé yẹn, òun ló ń gbá wọn nírọ̀lẹ́ tí àwọn ọmọ bá ti lọ tán. Baba Kọ́kọ́rọ́, bàbá tó ń ti ilẹ̀kùn, á dúró sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ní í rìn wọlé torí pé orúnkún ń dùn ún, á kàn máa pe orúkọ yàrá láti ibi tó wà. “Kíláàsì kejì ńkọ́?” Ìyá wa á dáhùn, “Mo ti gbá a.” “Yàrá àwọn tíṣà ńkọ́?” “Mo ti gbá a.” Bàbá yẹn á sì ti ilẹ̀kùn, kò ní í yọjú wò ó, ó ní tí obìnrin yìí bá ti ní òun gbá a, kò sóhun tó kù níbẹ̀. Ọjọ́ tó bá ku ibì kan, òun náà á ké sí i pé kó má tì í, kó dúró ná. Ẹ̀yin náà máa ń sín bàbá yẹn jẹ nílé, ẹ máa ń pe orúkọ yàrá ká tó sùn, èmi á máa dáhùn, ọwọ́ Màámi á sì bà yín lórí.

Láti bí ọjọ́ mélòó kan kó tó kú ni ọkàn rẹ̀ ti padà síbẹ̀. Á dákẹ́ bíi pé ó ń fetí sílẹ̀, á wá ní, “Mo ti gbá a.” Á tún dákẹ́. “Ìyẹn náà, mo ti gbá a.” Nígbà yẹn ohùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló ń gbọ́ ọ ketekete. Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni Màámà ń gbá. Mo ní ilé ìwé ni. Ó ní tó bá ti parí níbẹ̀, kí n bá òun bẹ̀ ẹ́ kó gbá wọ́ọ̀dù tiwọn náà, pé àwọn tó ń gbá a ò mọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá wa ṣí ojú kan, ó wò ó, ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Àǹtí Kékeré ì bá mọ gbogbo èyí, ká ní ó wá.

Kí lẹ wí? Kí ló máa pa lára? Ẹ ní òkú ò gbọ́.

Òkú ò gbọ́, mo mọ̀, àwọn alààyè ló ń gbọ́. Màá débẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó gbèrò. Obìnrin kan gbé ayé rẹ̀ láìpurọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tọ́ ọmọ tirẹ̀, ó tún bá àwọn ẹlòmíì tọ́ tiwọn. Ó fọ ìgbẹ́ lára ìyá ọkọ tó ń bú u, ó ń fọ̀ ọ́ títí obìnrin yẹn fi kú tèébú-tèébú. Wọ́n ní gbogbo ìyẹn ò wọnú ìwọ̀n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ dáadáa, tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ọkàn rẹ̀ ò sí nílé, ìyẹn ló gbà á là. Kí la wá ń gbé ayé fún? Ká kúkú máa sùn, kí wọ́n wá jí wa tí ikú bá kù díẹ̀, ká sọ̀rọ̀ kan, ká máa lọ. Àti pé Ọlọ́run tó dá etí, ṣé òun ni ò mọ ìyàtọ̀ gbá sí gbà, tó fi jẹ́ Àǹtí Kékeré ló máa ṣe ògbufọ̀ fún un?

Ẹ má wò mí báyẹn. Mi ò kọ Ọlọ́run. Mò ń gbàdúrà, mo gbàdúrà láàárọ̀ yìí kẹ́ ẹ tó dé, mo sì wà lórí àga mi nínú ìjọ yẹn lọ́jọ́ ìsìn tó kọjá. Torí pé mo gbà gbọ́ gan-an ni inú ṣe ń bí mi. Tí mi ò bá gbà gbọ́, kí ló kàn mí tí wọ́n bá purọ́ mọ́ Ọlọ́run?

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Ẹ̀rù ló ń ba àwọn èèyàn yìí. Wọ́n ní ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ìyá wa má lọ jóná lọ́run. Irọ́ ni. Kó má jóná ni ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ẹni tó jáde kúrò láàárín wọn, tó ṣe dáadáa títí tó fi kú, tí ojú rẹ̀ mọ́, tó ń sùn tó ń hanrun, ìyọnu gidi nìyẹn. Ẹni burúkú tó wà níta wúlò fún wọn, wọ́n á máa tọ́ka sí i fún àwọn ọmọ wọn. Ẹni rere tó wà níta ni wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Wọ́n ní láti wọ́ ọ wọlé, kódà kó jẹ́ òkú rẹ̀ ni wọ́n máa wọ́.

Kì í sì ṣe ìjọ nìkan, mi ò ní í parọ́ mọ́ wọn. Bí èèyàn ṣe rí náà nìyẹn. Níbi tí èmi ti ń ṣiṣẹ́, tí mo ti ń fi etí gbé fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, tí àwọn oníbàárà ń bú mi nítorí ohun tí mi ò ṣe, ọ̀gá wa kọ́ wa pé tí oníbàárà bá ti dákẹ́, ká kọ ọ́ pé ó ti gbà. Ó lè jẹ́ pé ṣe ló rẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé ó ń sunkún. Ó ti dákẹ́, nítorí náà ó ti gbà, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì wọlé. Ẹ̀yin náà, nínú fóònù yín yẹn, ìgbà mélòó lẹ ti fi ìka tẹ ibi tí wọ́n ní “mo gbà” láìka ohun tẹ́ ẹ gbà? Gbogbo ayé ló ń gbà báyìí. Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ ńlá di ohun tá à ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ká lè tètè kọjá. Ìyá wa kì í gba ohun tí kò bá gbà. Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n ní sí i.

Ẹ ní kí ló tiẹ̀ lé e kúrò nínú ìjọ gan-an. Áà, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ ti lọ síbi iṣẹ́ yín lókèèrè nígbà yẹn, ohun tí wọ́n sọ fún yín lórí fóònù ni pé Màámi bá olórí ìjọ jà. Ìjà wo? Ọ̀rọ̀ kan péré ló sọ. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí.

Obìnrin kan wà nínú ìjọ, aránṣọ ni, ọmọge ni nígbà yẹn, kò tíì pẹ́ tó lọ́kọ. Ó bímọ kan. Ibà mú ọmọ náà, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ṣe gbogbo ohun tí ìyá ń ṣe, ọmọ kú. Ọjọ́ ìsìn tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà ò sí nílé tó ń sunkún o, ó wá sí ìjọ, torí pé wọ́n ti kọ́ wa pé ibẹ̀ la máa ń sá sí. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi. Olórí ìjọ ń wàásù lọ, ó ń wàásù bọ̀, nígbà tó yá ó sọ̀kalẹ̀ láti orí pèpéle, ó wá dúró níwájú obìnrin náà. Ó ní ọmọ kì í ṣàdédé kú, ẹ̀ṣẹ̀ ìyá ló máa ń pa ọmọ. Ó ní kó kúnlẹ̀, kó sọ ohun tó ṣe tí ọmọ rẹ̀ fi kú. Obìnrin náà ti ń kúnlẹ̀ lọ. Mo wà níbẹ̀, mo tẹjú mọ́ bàtà mi, gbogbo ìjọ tẹjú mọ́ bàtà wọn.

Màámi dìde. Ẹ mọ̀ pé kò ga. Ó gbá obìnrin náà mú lápá, ó gbé e dìde, ó wo olórí ìjọ, ó ní, “Mi ò gbà.”

Ó tán. Kò ṣépè, kò pariwo, kò sọ pé kò sí Ọlọ́run. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó fa obìnrin náà lọ́wọ́, wọ́n jáde. Mo ṣì ń rántí bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń dún lórí ilẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà, torí pé ẹnikẹ́ni ò wúkọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oníṣẹ́ wá ń wá sílé. Àwọn àgbà wá. Àwọn ìyá wá. Àǹtí Kékeré ló máa ń kó wọn wá, á jókòó sórí àga ní pálọ̀, á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kàn sọ pé ẹ gbà, kí ọ̀rọ̀ tán. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.” Màámi á fún wọn ní omi, á bi wọ́n nípa àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n bá ti débi ọ̀rọ̀ yẹn, á ní kí olórí ìjọ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdébìnrin yẹn, òun á padà lọ́jọ́ kejì. Olórí ìjọ ò lọ. Ó kú láìlọ. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ní òun ò sí níbẹ̀ nígbà yẹn, òun ò lè tọrọ àforíjì ohun tí òun ò ṣe. Ẹ gbọ́ bí ọgbọ́n ṣe pọ̀ tó. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí Màámi jáde náà, àmọ́ ìyẹn ò ní kó má wàásù pé ó ti padà.

Ẹ rí i báyìí? Láti gbogbo ọdún yìí, “gbà” ni Àǹtí ń retí lẹ́nu ìyá wa. Etí tó bá ti ń retí ọ̀rọ̀ kan tipẹ́tipẹ́, bó pẹ́ bó yá, á gbọ́ ọ. Kódà ká ní Màámi sín ni, á gbọ́ ọ.

Ẹ ní kí n ro ti Àǹtí náà. Mo ti rò ó. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń sùn lórí aṣọ rẹ̀ nínú yàrá Màámi láti àná, tó ń gbóòórùn rẹ̀. Ojú ń tì í pé kò wá. Ó mọ̀ pé ìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun dùbúlẹ̀, òun ń yẹra fún ọsibítù torí ohun tí àwọn ará ìjọ máa sọ. Ó wá rí ọ̀rọ̀ kan tó máa tún gbogbo ẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀gbọ́n ti rí ìgbàlà, òun ló sì bá a rí i. Ta ni ò ní í dì í mú? Ìfẹ́ ni. Àmọ́ ìfẹ́ tí ò lè fẹ́ni bá a ṣe jẹ́, tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ wá di ẹlòmíì kó tó lè sunkún wa, kí ló fẹ́ràn gan-an? Ìyá mi kọ́ ló ń sunkún. Ẹnì kan tó jọ ọ́ ni.

Hẹ̀n? Ṣé ó dá mi lójú pé gbá ni?

Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹnikẹ́ni ò tíì bi Àǹtí ní ìbéèrè yẹn, èmi tí mò ń kọ̀ ni wọ́n ń bi. Kò dá mi lójú. Ẹ jókòó, mi ò tíì parí. Kò dá mi lójú. Ohùn ti lọ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, èémí ló fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé ilé mo wọ balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, mo sọ gbá, mo sọ gbà, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ò lóhùn. Ẹ dán an wò. Ẹ máà fi ọ̀fun sọ ọ́, ẹ fi èémí. Ẹ rí i? Èwo lẹ sọ níbẹ̀ yẹn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ ọ́ gan-an ò lè fi hàn mí.

Torí náà, ó lè jẹ́ Baba Kọ́kọ́rọ́ ló ń dá lóhùn. Ó lè jẹ́ Ọlọ́run. Ó lè jẹ́ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń pe orúkọ yàrá kọ̀ọ̀kan, tí ìyá wa ń sọ fún un pé òun ti gbá a. Ṣé ẹ rò pé mi ò tíì sunkún lórí ìyẹn? Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì, mi ò mọ̀ ọ́n, kò kàn mí, kò kan Àǹtí, kò kan ìjọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi àti wọn ni pé èmi mọ̀ pé mi ò mọ̀, mi ò sì ní í dúró létí sàréè kí n sọ pé mo mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìgbàgbọ́ tòótọ́ yẹ kó lè sọ pé òun ò mọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì gbọ̀n.

Àmọ́ ohun tó wà láàárín òun àti ìjọ yẹn, ìyẹn mo mọ̀. Ó sọ ọ́ sókè. Gbogbo wa la gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ẹ tún ní kí ló máa pa lára. Mo ní màá débẹ̀, mo ti débẹ̀ báyìí. Nígbà tẹ́ ẹ wọlé, ẹ rí obìnrin kan tó jókòó sí pálọ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tó gbé báàgì lé itan, tí kò fẹ̀yìn ti àga. Ẹ kí i, ó kí yín, ẹ rò pé ọ̀kan lára àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ni. Òun ni aránṣọ yẹn. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Gbogbo ọjọ́ ìsìn, tí àwọn yòókù bá ti lọ sí ìjọ, ilé rẹ̀ ni Màámi máa ń lọ. Òun á máa fi ẹ̀rọ ránṣọ, Màámi á máa tú ojú rírán lára aṣọ tí wọ́n rán bàjẹ́, á máa ṣa òwú nílẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Ìgbà míì wọn kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ìsìn wọn nìyẹn, mi ò sì tíì rí èyí tó dára jù ú lọ.

Ó dé láàárọ̀ yìí. Mo sáré lọ gbá a mọ́ra, kò jẹ́. Ó ní, “Wọ́n fi ohùn kan ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní Màámi ti gbà kó tó kú. Ṣé lóòótọ́ ni?” Mo ní, gbà pé kí ni? Obìnrin yẹn wò mí, Bọ̀ọ̀dá mi. Ó ní, “Pé èmi ni mo pa ọmọ mi.”

Ẹ má dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, mo ti sọ ohun tí ọ̀gá mi máa ń ní ká kọ.

Ohun tó máa pa lára nìyẹn. Nígbà tí gbogbo èèyàn wo bàtà, ẹnì kan ṣoṣo ló ní òun ò gbà, orí ọ̀rọ̀ yẹn ni obìnrin náà ti ń dìde láràárọ̀ látìgbà náà, tó ń wẹ̀, tó ń ránṣọ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin fẹ́ dúró lọ́la, pẹ̀lú aṣọ dúdú yín àti ohùn yín tó dùn, kẹ́ ẹ fa ọ̀rọ̀ yẹn yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí Àǹtí lè rí oorun sùn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wo ló kù nínú ilé yìí yàtọ̀ sí yín?

Mo ti sọ fún un pé irọ́ ni. Kò gbọ́ tèmi tán. Ó ní àánú òun ló ń ṣe mí, pé ẹ̀yin ni àkọ́bí, ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ máa sọ̀rọ̀, òun fẹ́ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Mo gbé omi fún un, kò mu ún. Mi ò ní kẹ́ ẹ bá ẹnikẹ́ni jà. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ sọ pé Màámi ò gba Olúwa. Ẹ sọ fún Àǹtí pé a ò mọ ohun tó sọ kẹ́yìn, àti pé a ò ní í ṣe bíi pé a mọ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sọ ohun tá a mọ̀, lọ́la, létí gbogbo wọn, olórí ìjọ tuntun tó ní òun ò sí níbẹ̀ náà, kó lè wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá sọ ti Àǹtí, mo fi Ọlọ́run tí mò ń sìn búra, èmi á dìde láàárín èrò, mi ò sì ní í sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àmọ́ ìyẹn di ọ̀la. Obìnrin yẹn wà ní pálọ̀ nísinsìnyí. Ẹ dìde, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ lọ bá a. Tẹ́ ẹ bá jókòó síbẹ̀, èmi náà á lọ bá a, màá sọ fún un pé ìyá wa ò gbà títí tó fi kú. Àkọ́bí rẹ̀ ló gbà.